Igi Títọ́ Ìdí Ìbọn Afẹ́fẹ́ àti Ojú Tí Ń Yára Rí Àmì

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé àlùfáà ni yóò kọ̀wé nípa ìbọn nínú ìwé àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìdí wà. Bí ìsinmi Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, kì í pẹ́ kí òbí kan tó bi mí bóyá ó tọ́ kí òun ra ìbọn afẹ́fẹ́ fún ọmọ òun. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí tí wọ́n ń gbé ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà náà a máa béèrè. Ohun tí mo ń rí ni pé àwọn kan nínú wọn kà á sí ohun ìṣeré, àwọn mìíràn sì ń sá fún un bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ ìdí tí ìbọn kan fi ń tètè dé ojú ẹni tó gbé e, tí òmíràn sì ń fa ẹsẹ̀ bí arúgbó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ohun kan náà tó mú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dára ni ó mú un léwu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò ní ẹ̀tù, kò ní iná. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, irin lílọ́ tí à ń pè ní sípíríǹgì ni ó ń ti písítìnì, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ písítìnì nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bí a bá ṣẹ́ ọ̀pá ìbọn wálẹ̀, sípíríǹgì yóò sún kì, yóò sì há síbẹ̀. Bí a bá fi ìka fa irin abẹ́ rẹ̀, yóò tú sílẹ̀, písítìnì yóò sáré síwájú, yóò fún afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà ni yóò sì ti ọta òjé jáde. Ìwọ̀n ihò méjì ni ó wọ́pọ̀: mìlímítà 4.5 àti mìlímítà 5.5. Èyí tí ó jẹ́ 5.5, tí agbára rẹ̀ kò ju èyí tí òfin England gbà láìsí ìwé àṣẹ, lè ta ọta òjé tó wọn nǹkan bí gíráàmù kan pẹ̀lú eré mítà 170 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ń pè é ní ohun ìṣeré, kí ó rántí pé àwọn ọmọ ogun Austria lo ìbọn afẹ́fẹ́ tí Bartholomäus Girandoni ṣe ní nǹkan bí ọdún 1780, tí ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbá tí a ń rọ afẹ́fẹ́ kún. Lewis àti Clark pẹ̀lú mú ìbọn afẹ́fẹ́ kan dání nígbà tí wọ́n ń la ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá lọ sí Òkun Pàsífíìkì.

Wàyí o, igi ìdí ìbọn. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò lára rẹ̀. Èkíní ni èbúté rẹ̀, tí ó ń ti èjìká. Èkejì ni etí òkè rẹ̀, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sùn lé. Ẹ̀kẹta ni ọrùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ tí yóò fa ìbọn ti ń dì í mú. Lára ìbọn kan, ọrùn yìí a tẹ̀ wálẹ̀ bí ìdí ìbọn ìléwọ́. Lára òmíràn, a lọ gbọọrọ láti abẹ́ irin títí dé èjìká, láìtẹ̀ rárá. Èyí tí ó lọ gbọọrọ yìí ni mo ń pè ní igi títọ́.

Igi títọ́ kì í ṣe àṣà tuntun. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi sí ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń yin ẹyẹ tí ń fò, nítorí pé irin fífà méjì ni ìbọn náà ní, ọwọ́ sì ní láti sún sẹ́yìn láti orí ọ̀kan sí èkejì láìsí ohun tí yóò dá a dúró. Ní Amẹ́ríkà, Winchester ṣe ìbọn tí a ń fi irin abẹ́ rẹ̀ kì. Irin náà ń padà wá lẹ̀ mọ́ ọrùn igi títọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Daisy sì ń ṣe ìbọn afẹ́fẹ́ fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, àwòrán ìbọn àwọn darandaran orí ẹṣin yìí ni wọ́n tẹ̀ lé. Red Ryder tí wọ́n gbé jáde ní 1940, tí wọ́n sọ ní orúkọ darandaran inú ìwé alálàyé àwòrán, ní igi títọ́ àti irin abẹ́. Ó sì lè gba ọta róbótó 650 lẹ́ẹ̀kan. Báyìí ni ohun tí a ṣe fún ẹyẹ tó ń fò ṣe dé ọwọ́ ọmọdé.

Kí ni igi títọ́ ń ṣe? Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba omi nínú igbá tí ẹlòmíràn ń gbé bọ̀. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ méjèèjì dúró lórí ìlà kan náà, wọ́n sì jọ ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ méjì ṣe ń dúró lórí ìbọn onígi títọ́. Nígbà tí ojú bá rí nǹkan, ọwọ́ òsì tó wà níwájú yóò tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí a ti ń nàka sí ènìyàn; ọwọ́ ọ̀tún yóò sì tẹ̀ lé e, kò ní fà á padà. Ọrùn tó tẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó ń di ọwọ́ mọ́ ojú kan, ó dára fún ẹni tó dùbúlẹ̀ tàbí tó dúró tí kò sì ní ohun tí ń lé e. Nínú ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ oní-mítà 10, tó wọ inú eré Òlíḿpíìkì ní Los Angeles ní 1984, àárín àmì tí ẹni náà ní láti bà kò ju mìlímítà 0.5 lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ìkánjú ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, igi tí wọ́n sì ń lò fún un kún fún ohun tí a lè yí sókè tàbí sísàlẹ̀ láti bá ara mu. Èmi kò kẹ́gàn rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ohun kejì ni àmì tí a fi ń wo ọ̀kánkán. Nígbà tí ìbọn kò bá ní awò tí ń mú nǹkan tóbi, àmì méjì ni ó ní: ọ̀kan lẹ́yìn, tí a gé ihò kékeré sí lórí, àti ọ̀kan níwájú nítòsí ẹnu ìbọn, tí ó dàbí ọ̀pá kúkúrú tàbí ìlẹ̀kẹ̀. A ní láti rí i pé àmì iwájú dúró sáàárín ihò àmì ẹ̀yìn, kí àwọn méjèèjì sì wà lórí ohun tí a fẹ́ yìn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta ni ojú ní láti bójú tó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jìnnà bákan náà. Ojú ènìyàn kò lè rí ohun tó wà ní gígùn apá àti ohun tó wà ní mítà 20 kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń yìnbọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ a máa fi àmì iwájú ṣe ohun tó rí kedere jù, a sì jẹ́ kí àwọn méjì yòókù ṣú díẹ̀. Àṣìtò kékeré kò sì kéré nílé: bí àmì méjèèjì bá fi ìdajì mítà jìnnà síra, tí àmì iwájú sì yẹ̀ ní mìlímítà kan péré, ọta yóò yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4 ní mítà 20.

Irú ihò tí a gé sí àmì ẹ̀yìn pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ihò onígun mẹ́rin ń jẹ́ kí a ríran wò fínnífínní, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò. Àwọn ọdẹ òyìnbó tí wọ́n ń dọdẹ ẹranko ńlá ní Áfíríkà àti Íńdíà yan ihò gbígbòòrò tí kò jinlẹ̀, bí ẹní tẹ́ ìwé ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ funfun níwájú, nítorí pé ẹranko tó ń bọ̀ wá pa ọdẹ kì í dúró dè é kí ó fi nǹkan wọn nǹkan.

Ibi tí igi àti àmì ti pàdé ni ọ̀rọ̀ mi wà. Bí etí òkè igi bá ga jù, ojú yóò wà lókè àmì. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ojú kò ní rí ju ẹ̀yìn irin lọ. Ẹni tí igi kò bá a mu yóò gbé ìbọn dé èjìká, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àmì: yóò na ọrùn, yóò tẹ orí, yóò gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò, yóò tún dá a padà. Kí ó tó ṣe tán, ẹyẹ ti lọ. Ẹni tí igi bá mu kì í wá nǹkan kan. Bí ìbọn ti ń dé èjìká ni àmì ń yọ lójú rẹ̀ fúnra wọn, níbi tí ó ti ń wò tẹ́lẹ̀. Yíyára tí a ń sọ kì í ṣe ti ìka tó ń fa ìbọn. Inú igi ni ó wà, ẹni tó gbẹ́ ẹ ti ṣe é kí oníbọn tó jí láàárọ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a ṣọ́ra fún àwọn ìbọn òde òní tí a gbẹ́ etí òkè igi wọn ga fún awò. Bí a bá fẹ́ fi àmì lásán yìn wọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ní ibi tó dára láti sùn lé.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Ẹ rí i dájú pé ìbọn kò ní ọta nínú, pé sípíríǹgì kò há, kí ẹ sì kọ ojú sí ògiri tí ẹnikẹ́ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ojú kan lára ògiri náà. Ẹ pa ojú dé, ẹ gbé ìbọn sí èjìká bí ó ti rọrùn fún ara yín, ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, lẹ́yìn náà ẹ la ojú. Bí àmì iwájú bá wà nínú ihò àmì ẹ̀yìn, tàbí tí ó fi díẹ̀ yẹ̀, igi náà bá yín mu. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá tí ẹ ṣe é, ẹ fún ẹlòmíràn. Ojú ọlójú kò jọ ojú ẹni, èjìká ọmọ ọdún 14 kò sì jọ ti baba rẹ̀. Òbí tí ń ra ìbọn gígùn nítorí pé ọmọ yóò dàgbà bá a ń kọ́ ọmọ náà ní àṣà búburú láti ọjọ́ kìíní.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tó mú mi kọ̀wé yìí. Ọkùnrin ará Georgia kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Lucky McDaniel, tí ó ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn láti máa yin ohun tí a sọ sókè láìwo àmì kankan. Ní 1967, nígbà tí ogun Vietnam gbóná, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń pàdé ọ̀tá lójijì nínú igbó dídí, iléeṣẹ́ ọmọ ogun mú ọ̀nà ẹ̀kọ́ náà lọ sí Fort Benning ní Georgia. Wọ́n pè é ní Quick Kill, orúkọ tí kò dùn mọ́ mi létí. Ìbọn Daisy, ìbọn ọmọdé, tí a ti yọ àmì méjèèjì kúrò lára rẹ̀, ni wọ́n kó lé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Olùkọ́ yóò ju awo irin róbótó kékeré sókè, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ìbọn, ojú méjèèjì là sílẹ̀, yóò wo etí òkè awo náà, yóò yìn ín. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó gbé ìbọn ogun lé wọn lọ́wọ́. Daisy náà ta irú ìbọn aláìlámì bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n yí padà nínú orúkọ rẹ̀: wọ́n pè é ní Quick Skill.

Kí ló dé tí wọ́n fi lo ìbọn ọmọdé? Owó rẹ̀ kò pọ̀, lóòótọ́, kò sì pariwo. Ṣùgbọ́n ìdí tó jinlẹ̀ jù ni pé ọta rẹ̀ kò yára. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹni, a lè fi ojú rí ọta irin náà bí ó ti ń dán lọ. Ẹni tó tàsé rí i fúnra rẹ̀ bóyá òkè ni ó gbà tàbí ìsàlẹ̀, kò sì nílò kí olùkọ́ sọ fún un; ọwọ́ rẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe. Ìdí mìíràn wà nínú bí awo náà ṣe ń lọ. Ohun tí a sọ sókè a máa dúró fún ìṣẹ́jú bíńtín kí ó tó máa bọ̀ wálẹ̀. Ọta tí eré rẹ̀ jẹ́ mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò dé ibi tó jìnnà ní mítà 5 nínú ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá, láàárín àkókò náà awo tó ti dé òpin òkè kò ní sọ̀kalẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ẹni tí kò mú ìbọn rí lè bẹ̀rẹ̀ sí í bà á láàárín àkókò kúkúrú. Ní mítà 20, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọta òjé tí mo sọ lókè yóò lo nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó débẹ̀. Ohun tó ń sáré ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti kúrò ní ojú kan ní ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ọta fúnra rẹ̀ yóò sì ti wálẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 kúrò lórí ìlà tí ọ̀pá ìbọn kọjú sí. Fún ìdí èyí, èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a yọ àmì kúrò. Àmì ni ẹlẹ́rìí. Igi títọ́ yóò gbé ìbọn dé ibẹ̀ kánkán, àmì iwájú yóò sì jẹ́rìí bóyá ó dé ibẹ̀ tàbí kò dé, kí ìka tó fà. Ẹni tí ẹ̀rí kò bá sí lójú rẹ̀, kí ó sọ ìbọn kalẹ̀.

Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 20, ẹsẹ 16, a kà nípa ọgọ́rùn-ún méje ọkùnrin Bẹ́ńjámínì, alòsì gbogbo wọn, tí wọ́n lè fi kànnàkànnà sọ òkò ba fọ́nrán irun láìtàsé. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a lò fún ìtàsé níbẹ̀ kan náà ni èyí tí a ń lò níbòmíràn fún ẹ̀ṣẹ̀. Olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà kò jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Ohun tó máa ń wà lọ́kàn mi, àmọ́ṣá, ni ibi tí ìtàn náà wà: ogun láàárín ọmọ ìyá ni wọ́n kó ọgbọ́n yẹn lọ.

Mo tún gbọdọ̀ sọ nípa dídì í mú, nítorí níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ yára ti ń kùnà. Nígbà tí písítìnì bá sáré síwájú, ìbọn a ta sẹ́yìn. Nígbà tí písítìnì bá sì gbá tìmùtìmù afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀, ìbọn a tún ta síwájú. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ kí ọta tó kúrò lẹ́nu ọ̀pá. Ẹni tó bá di igi mú pinpin, bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ mú lọ́jà, ń darí ìtàkìtì náà gba ibòmíràn lójoojúmọ́, ọta rẹ̀ kò sì ní dé ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọwọ́ òsì jẹ́ ibùsùn, kí ìbọn sùn lé e. Igi títọ́ ṣèrànwọ́ níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí kò fún àtẹ́lẹwọ́ ní ohun tí yóò fún mọ́lẹ̀. Ẹ má sì yin ìbọn onísípíríǹgì láìsí ọta nínú rẹ̀. Nígbà tí kò sí ohun tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró, písítìnì yóò lọ forí sọ irin.

Òfin ńkọ́? Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó tó ní in. Ọ̀wọ́ kan náà ni ó wà pẹ̀lú ìbọn ọdẹ ti òyìnbó. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ alárìnkiri láìsí ìwé ti rú òfin, ìbáà jẹ́ ẹyẹ ẹ̀ga orí ọ̀pẹ nìkan ni ó fi ń yìn. Ẹ̀yin tó wà ní England àti Wales, èyí tí agbára rẹ̀ kò ju 12 foot-pound lọ kò gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè rà á. Ní Scotland, láti òpin ọdún 2016, ìwé ẹ̀rí di dandan.

Nítorí náà, nígbà tí òbí bá bi mí léèrè, ìdáhùn mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń béèrè ta ni yóò dúró ti ọmọ náà ní gbogbo ìgbà tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ibo ni yóò máa sùn lálẹ́, nínú àpótí tí a tì pa àbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí a fi kọ́ ọmọ ogun láti pa ènìyàn kí ó tó ronú kò lè di ohun ìṣeré nítorí pé ẹni ọdún 10 ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí lára páálí. Ojú ènìyàn kò ní egungun tó bo iwájú rẹ̀. Ọta irin a máa ta padà láti ara ògiri àti òkúta wá bá ẹni tó yìn ín, nítorí náà ni ó fi yẹ kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ wọ awò ààbò, kí ẹ̀yìn àmì sì jẹ́ òkìtì iyanrìn tàbí aṣọ nínípọn tí a so rọ̀, tí yóò gbé ọta mì. Òjé kì í tètè ta padà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí a tó jẹun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àmì ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ ń ṣú lójú àgbà, nítorí pé òun ni ó súnmọ́ jù. Àwọn kan a pa ìbọn onígi títọ́ tì nítorí èyí, wọ́n a lọ ra awò. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ irin sún àmì ẹ̀yìn náà síwájú lórí ọ̀pá ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, kí ó sì fẹ ihò rẹ̀ díẹ̀. Ìṣirò yóò dín díẹ̀, nítorí àmì méjèèjì ti súnmọ́ra, ṣùgbọ́n ihò náà yóò padà hàn, ìlẹ̀kẹ̀ iwájú yóò sì tún bọ́ sáàárín rẹ̀ bí ìbọn bá ti ń dé èjìká.